Nígbà Tí Àwọn Ìyá Ọkọ Ń Ṣọ́ Ọmú

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ẹ má tì í pa, kí ooru má bàa mú wa, ẹ ṣá jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ohùn máa ń rìn nínú àwọn ilé alájà Fẹ́sítáàkì yìí. Bí ẹnì kan bá sín nísàlẹ̀, ẹni tó wà lókè á kí i. Bàbá Kúnlé, ọkọ mi, sì wà nínú yàrá lọ́hùn-ún. Ó ní òun ń sùn, ṣùgbọ́n mi ò gba oorun ọ̀sán rẹ̀ gbọ́.

Mo rí yín o. Ẹ wá gba aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ yín, mo ní kí ẹ jókòó kí n rán bọ́tìnnì tó kù mọ́ ọn. Mo kàn lọ ká aṣọ lórí okùn lẹ́yìn ni, nígbà tí mo sì padà wọlé, gbogbo yín dákẹ́ bí rédíò tí wọ́n pa. Sìmí fa apá ẹ̀wù rẹ̀ wálẹ̀ kíákíá. Ó ti pẹ́ jù, ọmọ mi. Mo ti rí bándéèjì tó wà lápá rẹ, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ awọ níbẹ̀ kí obìnrin má bàa tètè lóyún.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé mo fi pamọ́ fún yín," ni Sìmí wí. "Ọkọ mi ni ò mọ̀. Ìyá ẹ̀ dẹ̀ ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá bá wa wẹ ọmọ."

"Wọ́n á pẹ́ tó?"

"Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ní àwọn á lò. Wọ́n ní ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ìyá ọkọ Sìmí ni mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Mo rántí tèmi ni. Nígbà tí tèmi bá dé, ọmọ tí wọ́n wá wẹ̀ á ti máa sáré kiri kí wọ́n tó padà sílé wọn. Ẹ ò mọ ayé yẹn, ó sì ti lọ pátápátá, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú rẹ̀ kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Nígbà náà, bí oyún obìnrin bá ti wọ oṣù rẹ̀, ìyá ọkọ á ti máa di ẹrù ní ìlú wọn. Ṣakí ni ìyá ọkọ mi ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń ta àlùbọ́sà àti ata gbígbẹ. Máìlì Tú ni Bàbá Kúnlé máa ń lọ dúró dè wọ́n sí. Láàárín àwọn ọlọ́jà àti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ń pariwo, ohùn ìyá rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń bá ẹni tó fẹ́ bá wọn gbé ẹrù jà pé olè ni. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àpò ìdọ̀họ wọn. Èèpo igi àti ewé gbígbẹ ló máa ń kún inú rẹ̀, pẹ̀lú òrí nínú igbá, ọṣẹ dúdú tí wọ́n fi ewé dì, àti ẹní kan tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni gbogbo ilé á ti mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ti dé. Ìró omi gbígbóná ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ láti balùwẹ̀ wa. Ìyá á jókòó sórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé ọmọ lé itan, wọ́n á máa fi kànìnkànìn họ ara rẹ̀, wọ́n á máa ki í. Ọmọ á máa ké, oríkì á máa lọ, kò sí èyí tó ń dúró de ìkejì. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọmọ kan orí rẹ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n sókè, wọ́n á fi òrí pa á títí tí á fi máa dán. Tí wọ́n bá ṣe tọmọ tán, ó kan ìyá ọmọ. Wọ́n á ti táwẹ́ẹ̀lì bọ omi tó ń hó, wọ́n á fi na ikùn mi, pà, pà, pà, títí omijé á fi bọ́ lójú mi. Bí mo bá pariwo, wọ́n á ní, "Ké dáadáa, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ lè mọ̀ pé mò ń ṣiṣẹ́."

Ohun tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ni pé ìwẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá wá. Ìṣọ́ ni. Tí oorun bá dé, ìyá ọkọ á tẹ́ ẹní tiwọn sáàárín bẹ́ẹ̀dì mi àti ẹnu ọ̀nà yàrá. Bàbá Kúnlé á mú ìrọ̀rí rẹ̀, á lọ sùn sí pálọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu, kò sẹ́ni tó ń bèèrè. Gbogbo wa la gbà pé bí ọkùnrin bá sún mọ́ obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú, ọmú náà á bàjẹ́, ọmọ tó bá mu ún á rù, ikùn rẹ̀ á yọ síwájú. Bí obìnrin bá wá lóyún lé ọmọ lórí, ìtìjú ńlá ni. Wọ́n á máa wò ọ́ bí ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi àyè sáàárín ọmọ kan àti èkejì nígbà náà. Kò sí káàdì ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kò sí bándéèjì lápá. Arúgbó obìnrin kan lórí ẹní ni.

Ọjọ́ tí wọ́n bá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ọdún kékeré ni nílé wa. Wọ́n á fi omi ewúro pa orí ọmú, ọmọ á fẹnu kàn án, á fajú ro, àwọn ọmọ tó kù á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá á se ẹ̀wà ní ìkòkò ńlá, wọ́n á bù ú fún gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé. Òórùn ẹ̀wà yẹn ni àwọn aládùúgbò fi ń mọ̀. Tí Bàbá Kúnlé bá ti ibiṣẹ́ dé lọ́jọ́ náà, àwọn ọkùnrin tó jókòó síwájú ilé á dìde fún un. "Bàbá Kúnlé, ẹ kú àtirìnàjò o! Ẹ káàbọ̀ láti pálọ̀!" Á ṣe bí ẹni pé òun ò gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ á ká ẹní, ó di Ṣakí.

Ṣé ó dára ju tiyín lọ? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Wọ́n ṣọ́ mi dáadáa lórí Kúnlé, àkọ́bí mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ èèyàn náà ní ìlú tirẹ̀, ó sì ní ọdún tirẹ̀. Nígbà tí mo bí Dàpọ̀, ìkejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ògiri mú dìde ni Iléyá dé. Ìyá ní àwọn ò lè jẹ ọdún ní Èkó bí ẹni tí kò nílé. Wọ́n lọ sí Ṣakí, wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí wọ́n tó dé, ẹni tó wà ní pálọ̀ ti kúrò ní pálọ̀. Oyún dé. Dàpọ̀ fi ọmú sílẹ̀ láìtọ́jọ́, èmi náà sì ń gba ẹ̀yìn ilé lọ ra nǹkan kí àwọn èèyàn má bàa rí ikùn mi.

Oyún yẹn ló di Àbíkẹ́. Ọmọ náà wá sáyé láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀lé e kọ̀, kò dá. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn nọ́ọ̀sì bí ìgbà tí èèyàn bá wà nínú kànga tí wọ́n ń pè é láti òkè. Òtútù mú mi nínú ooru ọ̀sán gangan. Mo rántí pé mo ń ronú ta ni yóò máa ge èékánná Kúnlé. Ọlọ́run ló yọ mí, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n fà sí mi lára. Nígbà tí ojú mi là, dókítà dúró síbi ẹsẹ̀ mi.

"Ìyá Kúnlé, ilé ọmọ yín ti rẹ̀ gan-an," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí dàgbà dáadáa kí ẹ tó ronú òmíràn. Bí oyún míì bá tún tètè dé, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín."

Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ẹ̀ ń wò mí bí mo ṣe máa ń wo ẹ̀yìn kí n tó jókòó. Mi ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìyá ọkọ mi padà tẹ́ ẹní wọn, wọ́n sún un mọ́ ẹnu ọ̀nà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n ò sọ̀rọ̀ nípa Iléyá, èmi náà ò sọ. Ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé ẹní kì í ṣe ògiri. Tí oorun bá gbé wọn lọ ńkọ́? Tí ẹnì kan bá kú ní Ṣakí, tí wọ́n ní kí wọ́n máa bọ̀? Tí wọ́n bá sì já Àbíkẹ́ lẹ́nu ọmú, tí wọ́n lọ pátápátá, ta ló máa ṣọ́ mi? Mo wo ọkọ mi, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e. Mo wo ìyá rẹ̀, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Mo wo ara mi pàápàá.

A ti gbọ́ nípa abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí obìnrin lóyún nígbà náà. Wọ́n máa ń sọ ọ́ lórí rédíò. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń sọ ọ́, Bàbá Kúnlé pa rédíò náà. "Abẹ́rẹ́ àwọn alágbèrè," ló wí. "Obìnrin tó bá mọ̀ pé òun ò lè lóyún, kí ló máa dá a dúró sílé?" Ìyá rẹ̀ dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ó ń sọ ilé ọmọ di òkúta. Ọ̀kan wà ládùúgbò wa tó gbà á, kò gbọ́ ‘ìyá’ mọ́ láyé." Mo tẹ orí ba, mò ń bá aṣọ tí mò ń rán lọ.

Síbẹ̀ mo lọ. Mo ní mò ń lọ ra òwú. Mi ò ní sọ orúkọ ilé ìwòsàn náà fún yín. Ní ìhà Ìjẹ́gun-Ẹ̀gbá ló wà, mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ibi tó jìnnà kí n má bàa pàdé ojú tí mo mọ̀. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí mi.

"Ṣé ọkọ yín gbà?"

"Ó gbà."

"Gbogbo yín lẹ máa ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Oògùn ni."

"Irú oògùn wo?"

"Màdáámù, ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni àbí ẹ fẹ́ sè é?" Ó gún un sí mi lápá. "Nǹkan oṣù yín lè má wá fún ìgbà pípẹ́. Kẹ́ ẹ má sá wá bá mi o, kò sí ohun tó ń ṣe yín. Tí àkókò bá tó, ẹ padà wá gba òmíràn."

Mi ò gba obìnrin náà gbọ́ tán. Mo ń wo apá mi ní gbogbo ọ̀nà bí ẹni pé nǹkan máa jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni mo ń sá fún, mo ní bí kò bá ti sí ẹ̀jẹ̀, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí mi ò rò ni okùn aṣọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra páàdì nǹkan oṣù nínú ọ̀rá, tí ẹ ń lò ó, tí ẹ ń jù ú nù, ẹ ò lè mọ̀. Nígbà náà, àkísà la máa ń lò. A ó fọ̀ ọ́, a ó sá a sórí okùn ní bákónì ẹ̀yìn, a ó fi ìró bò ó mọ́lẹ̀ kí ojú ọkùnrin má bàa tó o. Ṣùgbọ́n ojú ìyá ọkọ máa ń tó o. Ìyá á rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá òjò ń bọ̀, wọ́n á fọwọ́ gbé etí ìró sókè. Nǹkan oṣù mi ti padà kí n tó gba abẹ́rẹ́ náà, wọ́n sì ti rí i. Wàyí o, oṣù kan kọjá, okùn ṣófo. Òmíràn kọjá. Ara mi náà sì ń kún.

Mo rí bí wọ́n ṣe ń wò mí tí mo bá ń jẹun. Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo mú àkísà tó mọ́, mo bọ̀ ọ́ lómi, mo fún un, mo sá a sábẹ́ ìró. Mo rò pé mo ti ṣe é. Kò pẹ́ tí Ìyá fi wọlé wá bá mi nídìí máṣíìnì, àkísà náà wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyàwó."

"Ìyá."

"Aṣọ yìí mọ́ ju aṣọ tí wọ́n fi kó ọmọ jáde lọ. Ta lò ń tàn?"

Mo tún ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì.

"Oyún oṣù mélòó ni?"

"Ìyá, mi ò lóyún."

"Kí ló wá dé tí ò ń sá aṣọ tí kò dọ̀tí?" Wọ́n na ọwọ́, wọ́n tú ọ̀já lẹ́yìn mi, wọ́n gba Àbíkẹ́. "Ọmú aboyún ò ní wọ ẹnu ọmọ ọmọ mi mọ́. Ó tó gẹ́ẹ́." Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìdáná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í po ògì.

Kò sí ewúro, kò sí ẹ̀wà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ mi.

Ó ṣe, Bàbá Kúnlé ti ibiṣẹ́ dé. Ìyá rẹ̀ ò jẹ́ kó jókòó. "Ìwọ ò ní ìtìjú! Mo na ara mi sílẹ̀ bí ajá sẹ́nu ọ̀nà, o tún gba orí mi kọjá!"

"Kí lẹ̀ ń wí, Ìyá?"

"Ìyàwó ẹ lóyún."

"Oyún báwo? Mi ò tẹ yàrá yẹn látìgbà tí ẹ ti dé."

"Pa irọ́ míì."

"Ìyá, mo fi Kùránì búra."

Bí inú ṣe bí ìyá rẹ̀ tó, wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n mọ̀ pé kò ní fi ìyẹn ṣeré. Nígbà náà ni ọkọ mi yíjú sí mi. Kò pariwo. Ẹ bá mi wá ọkùnrin tó ń pariwo, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù.

"Ta ló ni ín?" ló wí.

Ẹ ti rí ibi tí mo há sí. Tí mo bá dákẹ́, alágbèrè ni mí. Tí mo bá ní mi ò lóyún, abẹ́rẹ́ ni mo gbà, ṣé ẹ ò rántí ohun tó sọ nídìí rédíò? Alágbèrè náà ni mí. Mo kàn ń sọ pé, "Mi ò lóyún, mi ò lóyún," bí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ míì sọ.

"Ikùn á sọ fún wa," ló dáhùn. Láti ọjọ́ yẹn kò jẹ oúnjẹ mi mọ́. Tí oníbàárà ọkùnrin bá mú ṣòkòtò wá fún àtúnṣe, á jáde wá jókòó, á máa wo ojú onítọ̀hún, á máa wo ojú Àbíkẹ́.

Àbíkẹ́ kọ ògì. Èyí tó bá mu, á pọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀. Ìyá po omi iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ń fi ṣíbí fún un, ó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Ọmú mi le bí òkúta, tó bá ké ní yàrá kejì, á máa da sí mi láyà, gbogbo bùláòsì mi á tutù. Mo bẹ Ìyá kí wọ́n gbé e wá. "Ṣé o fẹ́ fi ọmú tó bàjẹ́ parí ẹ̀ ni?" ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe o. Ohun tí wọ́n mọ̀ náà ni, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ ọmọ náà gan-an. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kúnlé ti lọ síbi iṣẹ́. Mo gbọ́ omi ní balùwẹ̀, mo gbọ́ oríkì, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ igbe ọmọ. Oríkì náà sì dá dúró láàárín. Mo sáré débẹ̀. Ìyá jókòó sórí àpótí, Àbíkẹ́ wà lórí itan wọn, ojú rẹ̀ ti wọnú, ó ń wo òkè, kò ké. Kànìnkànìn ti bọ́ lọ́wọ́ Ìyá.

Mo ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ níbẹ̀.

"Ìyá, kò sí oyún. Abẹ́rẹ́ ni mo gbà. Òun ló dá nǹkan oṣù mi dúró. Ọmú mi ò bàjẹ́."

"Abẹ́rẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ibo ni wọ́n gún un sí?"

Mo fi apá mi hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, Ìyá."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Nọ́ọ̀sì nìkan. Tí Bàbá Kúnlé bá mọ̀, ó máa lé mi."

"Ó máa lé ẹ lóòótọ́. Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń sọ ilé ọmọ di òkúta."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo dẹ̀ tún ń sọ ọ́." Wọ́n gbé ọmọ náà kúrò lórí itan wọn, wọ́n gbé e fún mi. "Gbà. Fún un."

Ó kọ́kọ́ fẹnu kàn án, kò fà á, àárẹ̀ ti mú un jù. Ìyá fi ọwọ́ ara wọn fún ọmú náà kán sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn ló fà á. Àwa méjèèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ balùwẹ̀, à ń wo bó ṣe ń gbé e mì.

Nígbà tí Bàbá Kúnlé dé, kò tíì bọ́ bàtà tí ìyá rẹ̀ fi dá a dúró. "Mo ṣi ìyàwó ẹ mú. Nǹkan oṣù ẹ̀ dé láàárọ̀ yìí. Ojú mi báyìí ló rí i."

"Ẹ rí i lóòótọ́?"

"Ṣé kí n lọ gbé e wá kí ìwọ náà rí i ni?"

"Háà, Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀!" Ó sá wọ pálọ̀. Ó jẹ oúnjẹ mi lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, oṣooṣù, ìyá rẹ̀ fúnra wọn ló ń fi omi osùn pa àkísà, wọ́n á fọ̀ ọ́ díẹ̀, wọ́n á sá a sábẹ́ ìró, wọ́n á jẹ́ kí etí rẹ̀ kan yọ síta. Wọ́n mọ̀ pé ọkùnrin náà máa ń wo okùn.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín nígbà náà. Mò ń bi ara mi pé kí ló dé tí obìnrin yìí fi ń purọ́ fún ọmọ rẹ̀ nítorí mi. Mò ń retí ọjọ́ tí wọ́n máa gba owó irọ́ náà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ṣe mí jẹ́jẹ́ jù. "Ṣé orí ò fọ́ ẹ? Ṣé inú ò run ẹ?" Wọ́n á ṣí ìpéǹpéjú mi wò. Wọ́n á tẹ ikùn mi. Tí àkókò abẹ́rẹ́ bá tó, àwọn gan-an ló máa ń sọ níwájú ọkọ mi pé, "Ìyàwó, òwú ẹ ò ti tán ni?" Mo ní bóyá ìfẹ́ ni. Ẹ̀rù ìfẹ́ náà sì ń bà mí.

Wọ́n já Àbíkẹ́ lẹ́nu ọmú nígbà tó tó, wọ́n se ẹ̀wà, wọ́n lọ. Nígbà tí Àbíkẹ́ ti wọ ilé-ìwé, mo dá abẹ́rẹ́ dúró. Oyún ò tètè dé, mo sì ronú òkúta yẹn títí. Nígbà tó dé, mi ò sùn dáadáa títí mo fi bí Bísọ́lá, tí wọ́n fi sọ fún mi pé ẹ̀jẹ̀ ti dá. Èmi náà ò tètè gbà á gbọ́. Mo ní kí wọ́n gbé aṣọ kúrò kí n fojú mi rí i.

Sìmí, mi ò ní sọ fún ọ pé kí o sọ fún ìyá ọkọ rẹ, mi ò sì ní sọ pé kí o má sọ. Mi ò mọ̀ wọ́n. Kí ọmọ rẹ máa mu ọmú rẹ, ìyẹn ni mo mọ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ apá rẹ, kí o ṣọ́ ohun tí wọ́n ń wá.

Nítorí pé ìyá ọkọ mi wá wẹ Bísọ́lá náà. Wọ́n ti darúgbó. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò dá wá. Rísì, àbúrò Bàbá Kúnlé, àbígbẹ̀yìn wọn, ló tẹ̀lé wọn sọ̀ kalẹ̀ ní Máìlì Tú, ọmọ kan lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn tí kò jù ú lọ púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kù wà nílé. Ara rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá ọkọ tirẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó ń tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà fún un. Ìyá ò tíì mu omi tí wọ́n fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ṣé nọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà níbẹ̀?"

Bísọ́lá ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ka ìka rẹ̀, wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n wo èmi náà. Ibẹ̀ ni gbogbo títẹ̀ ikùn àti ṣíṣí ìpéǹpéjú yẹn ti yé mi, tàbí mo rò pé ó yé mi.

A ní a ń lọ ra òwú. Nọ́ọ̀sì náà ti dàgbà, síbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Rísì jókòó, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ẹ̀rù ń bà á, ó ń wo ìyá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bèèrè bóyá ọkọ gbà ni Ìyá na ọ̀pá wọn sí mi láyà.

"Ẹ dúró ná. Èyí tí ẹ gún fún ìyàwó mi yìí gan-an ni kẹ́ ẹ gún fún ọmọ mi o, ẹ má fún un ní òmíràn. Ìyẹn ò pa á, ó dẹ̀ tún bímọ lẹ́yìn ẹ̀."